Oko tó dagẹ̀rẹ́ lẹ́yìn Ìpẹru: ká gé e ní pẹpẹ bí àtẹ̀gùn ni, àbí ká kọ ebè ìdábùú?

#1 Olóko Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀ wà lẹ́yìn Ìpẹru, ó fẹ̀ ní mítà 60, ó sì gùn ní mítà 100 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tó éékà kan ààbọ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló wà lórí rẹ̀. Yanrìn pupa ló wà lókè ilẹ̀, tí a bá gbẹ́ ẹ tó orúnkún a ó kan amọ̀. Títì oníyangí kan gba òkè oko kọjá, omi títì yẹn sì ń já sínú oko.

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, àgbàrá ti la ọ̀nà méjì gba àárín ebè. Ọ̀kan ti jìn dé orúnkún. Yanrìn ti bo àgbàdo ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kátakátá ló kọ ebè náà, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ló sì kọ ọ́ sí.

Ẹni tó ní katapílà ní ká gé ilẹ̀ náà ní ìpele ìpele bí ti orí òkè Philippines. Ẹlòmíì ní ebè tó dábùú lásán ti tó. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n ni mo fẹ́. Ẹ má kàn sọ pé kí n gbin koríko.

#2 Alàgbà Ìṣarà

Ẹ tíì má pe katapílà o. Ẹ dáhùn nǹkan mẹ́ta ká tó máa sọ ìwọ̀n.

Ìkíní, báwo ni ilẹ̀ náà ṣe dagẹ̀rẹ́ tó? Ojú lásán kò lè sọ èyí. Ẹ mú okùn ọ̀rá tí bíríkìlà ń lò, ẹ wọn mítà 10 gééré. Ẹ di orí kan mọ́lẹ̀ lápá òkè, kí ẹnì kejì na orí kejì mọ́ ara igi gígùn kan lápá ìsàlẹ̀. Ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì kékeré tó ń so kọ́ okùn sí àárín gbùngbùn rẹ̀, kí ẹni ìsàlẹ̀ máa gbé okùn sókè títí lẹ́fẹ̀lì yóò fi sọ pé ó tẹ́jú. Láti ibi tí okùn kan igi yẹn dé ilẹ̀, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, ìdá 6 nínú 100 nìyẹn. Ẹ ṣe é lókè, láàárín, àti nísàlẹ̀.

Ìkejì, kí ló wà ní ẹsẹ̀ oko? Ìkẹta, ta ló ni ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé omi tí ẹ bá kó jọ gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Bí ẹ kò bá yan ibẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ á yàn án, àárín ẹ̀gẹ́ yín ló sì máa ń wù ú jù.

#3 Olóko Ìpẹru

Ẹ ṣé, bàbá. Òkè 58, àárín 62, ìsàlẹ̀ 60. Àbàtà ló wà ní ẹsẹ̀ oko, odò kékeré kan gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ ẹbí wa ni. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ ẹlòmíì ni, pèrègún ló pààlà láàárín wa.

#4 Sọ́fíyọ̀ Odógbólú

Ìdá 6 kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń gé ní pẹpẹ. Pẹpẹ wà fún ilẹ̀ tó ti ga láti bí ìdá 12 lọ sókè, tí èèpẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Bí ẹ bá gé ilẹ̀ yín ní pẹpẹ, ẹ ó kàn gbé amọ̀ tó wà lábẹ́ wá sókè ni, ẹ ó sì rì ilẹ̀dú tí ẹ ń jẹ lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ebè ìdábùú ló tọ́ sí i: ebè gbọọrọ tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, tí poro wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá òkè. Omi á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, á kan poro, poro á sì rọra sin ín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko.

Báwo ni ebè kan yóò ṣe jìnnà sí èkejì? Ẹ pín ìdá ìdagẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà 3, ẹ fi 2 kún un, ẹ wá fi 0.3 sọ ọ́ di púpọ̀. 6 pín sí 3 jẹ́ 2. Ẹ fi 2 kún un, ó di 4. Ní ìlọ́po 0.3, ó di 1.2. Ìyẹn ni pé láti ebè kan dé èkejì, kí ilẹ̀ fi mítà 1.2 sọ̀ kalẹ̀. Lórí ìdá 6, mítà 20 ló máa gbà. Nínú mítà 100 yín, ebè mẹ́rin ni: ní 20, 40, 60 àti 80. Bó bá jẹ́ ìdá 9 ni, mítà bíi 16 sí 17; bó bá jẹ́ ìdá 3, mítà 30. Níbi tí yanrìn bá ti fúyẹ́ jù, ẹ dín mítà méjì sí mẹ́ta kù nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá yín jà.

Ìlà fífà ni iṣẹ́ gidi. Ẹ kan férémù tó rí bí A: igi méjì tó gùn ní mítà 2 ó lé díẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn jìnnà síra ní mítà 2 gééré, kí igi kẹta dábùú àárín wọn. Ẹ so okùn mọ́ ṣóńṣó orí rẹ̀, kí òkúta kan so kọ́ ìdí okùn, kí ó lè kọjá igi ìdábùú. Kí ẹ tó lò ó, ẹ gbé e lé orí èèkàn méjì, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ wá yí i padà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ipò ẹsẹ̀ òsì, ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ibi tó tẹ́jú. Ẹni tí kò bá yí i padà, tó kàn gbà pé àárín igi ni, ìlà rẹ̀ á wọ́ láìmọ̀, gbogbo èèkàn tó bá kàn á sì máa tẹ̀lé àṣìṣe yẹn.

A kò fẹ́ kí ìlà wa tẹ́jú pátápátá o, torí òjò ilẹ̀ Rẹ́mọ pọ̀. A fẹ́ kó sọ̀ ní 3 nínú 1000 síhà ibi tí omi máa jáde. Lórí mítà 2, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 6. Ẹ kan pákó tó nípọn tó mìlímítà 6 mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹsẹ̀ yẹn máa wà níhà ibi tí omi ń lọ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí okùn bá kan àmì, ilẹ̀ ti sọ̀ ní iye tí a fẹ́. Lórí mítà 60, gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ 18 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá jẹ́ kó sọ̀ ju ìlọ́po méjì èyí lọ, poro fúnra rẹ̀ á di àgbàrá tuntun, nítorí yanrìn kò lè dúró de omi tó ń sáré.

Ìlà náà máa kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́lọkọ̀lọ. Èèkàn tó bá yọrí jù nìkan ni kí ẹ tún ṣe, kí ìtẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀. Ẹni tó bá fa á tọ́ bí ìlà títì ti sọ àwọn ibì kan di kòtò lẹ́yìn ebè, kòtò yẹn ni omi máa kó jọ sí tí á fi já.

#5 Kátakátá Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n Sọ́fíyọ̀, férémù kẹ̀? Fóònù máa ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó báyìí. Ẹ kàn rìn káàkiri, ẹ ti rí i.

#6 Sọ́fíyọ̀ Odógbólú

Mìlímítà ni a ń wá, àbúrò. Fóònù lè ṣì í ní mítà mélòó kan lórí gíga ilẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ férémù, ẹ lo rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí. Mítà 15 tó. Ẹ ríi dájú pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kékeré kan tó há sínú rẹ̀ ń mú kí omi orí méjèèjì má bára dọ́gba, ẹ ó sì máa rò pé ilẹ̀ ló ga.

#7 Kátakátá Ṣágámù

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ apá tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ kí kátakátá kọ ebè tẹ̀lé ìlà, kó fi èèkàn ọ̀parun gíga tó tó mítà kan ààbọ̀ sí i, kó so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí. Àwọn kúkúrú yẹn, taya ló ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Kí awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ebè ìdábùú ńlá, kó máa bá a lọ sókè àti sísàlẹ̀ ní ìbádọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Níbi tí ìlà méjì ti súnmọ́ra jù, ebè kékeré á ṣẹ́kù tí kò ní parí. Kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má tún un kọ ní títọ́. Owó díẹ̀ lórí awakọ̀ kò tó ẹ̀gẹ́ tí òjò oṣù keje máa kó lọ.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn awakọ̀ fi ń kọ ọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀? Ó rọrùn fún wọn láti yí padà níbi títì, kátakátá kì í sì fẹ́ dábùú ilẹ̀ tó ga. Lórí ìdá 6, kò sí ewu. Láti ìdá 15 lọ sókè, òun náà ní ẹ̀rù tirẹ̀, kátakátá lè yí dànù.

#8 Alàgbà Ìṣarà

Ọ̀rọ̀ omi wá kàn báyìí. Ilẹ̀ yín jẹ́ mítà oníhàmẹ́rin 6,000. Òjò kan tó bá rọ̀ ní mìlímítà 40 ti da lítà 240,000 sórí rẹ̀. Ká ní ìlàjì rẹ̀ ṣàn, ọkọ̀ alómi onílítà 10,000 méjìlá nìyẹn, a ò tíì ka omi tó ń ti títì wá.

Nítorí náà, gọ́tà òkè ló kọ́kọ́ kàn. Lábẹ́ títì, kí ó tó wọ oko, ẹ gbẹ́ gọ́tà kan kọjá gbogbo mítà 60 náà. Kó fẹ̀ ní mítà 1.2 lókè, kó jìn ní 50 sẹ̀ǹtímítà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí inú igbá, kó má rí bí kòtò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gangan. Kó sọ̀ ní 3 sí 5 nínú 1000. Ẹ kó èèpẹ̀ rẹ̀ sí ìhà oko, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi tó ń bọ̀ láti títì kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ebè ìdábùú àkọ́kọ́ láéláé, torí ebè yẹn kò tóbi tó fún un.

Èkejì, ojú omi: ọ̀nà tí gbogbo poro máa tú sí láti òkè dé àbàtà. Ẹ fi í sí ọwọ́ òsì, lórí ilẹ̀ ẹbí yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gba ìdí pèrègún. Ààlà máa ń tọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, omi sì fẹ́ràn ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì péré, pèrègún á ti dorí kodò, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín yín àti aládùúgbò. Kí ojú omi fẹ̀ ní mítà 2, kó má jìn ju 30 sẹ̀ǹtímítà ní àárín. Ó máa ń yà àwọn ènìyàn lẹ́nu pé ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì jìn. Bí omi bá tẹ́ lórí koríko, kò ní agbára. Bí ẹ bá há a mọ́ inú kòtò tóóró, á máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ lọ.

Koríko kápẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ tẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ gé e ní onígun mẹ́rin 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ tò ó dábùú ojú omi, kí orí ìlà kejì bọ́ sí àárín ìlà kìíní bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi èèkàn kékeré gún un mọ́lẹ̀ títí gbòǹgbò á fi wọlẹ̀. Akíntọ́lá-takú kò ṣeé lò níbẹ̀ o, bó ti wù kó máa pọ̀ lójú ọ̀nà; ó ń ga, ó ń pa koríko abẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún omi láti máa gbẹ́.

Ìgbà tí a ń ṣe èyí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń ṣe é. Oṣù kẹjọ la wà, òjò ti dawọ́ dúró díẹ̀. Ẹ gbẹ́ ojú omi báyìí, ẹ tẹ́ koríko sí i, kí òjò oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá fún un ní gbòǹgbò. Ẹ má ṣe darí omi títì sí i lọ́dún yìí. Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti lọ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ẹ fa ìlà, ẹ gbẹ́ poro, ẹ kọ ebè. Ẹ má dúró dé oṣù kìíní, torí èèpẹ̀ gbígbẹ kò ṣeé tẹ̀ mọ́ra, ìyẹ̀fun lásán ni. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, koríko ojú omi ti fìdí múlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ṣí ẹnu poro sí i. Àwọn tó ń kọ ebè ṣáájú kí wọ́n tó wá ojú omi, òjò àkọ́kọ́ ló ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́.

#9 Olóko Ìpẹru

Èèpẹ̀ ebè wá ńkọ́, báwo ló ṣe máa ga tó? Ọjọ́ mélòó ni alágbàṣe máa lò?

#10 Sọ́fíyọ̀ Odógbólú

Poro: fífẹ̀ mítà 1, jíjìn 30 sẹ̀ǹtímítà ní àárín. Èèpẹ̀ tó bá jáde nínú rẹ̀ máa kọ ebè tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.2, tó sì ga ní 40 sẹ̀ǹtímítà. Á rì díẹ̀ lẹ́yìn òjò, kò burú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní ìpele 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ lè fi ọmọ odó tó ti gbó gún un. Kí ẹnu poro níbi tó ti wọ ojú omi ga ju ìsàlẹ̀ ojú omi lọ bíi 10 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi òkúta díẹ̀ tẹ́ ibi tí omi ti ń já.

Iṣẹ́ ọwọ́: alágbàṣe kan lè gbé èèpẹ̀ bíi mítà oníhàmẹ́fà 3 lójúmọ́ nínú ilẹ̀ rírọ̀. Ebè mẹ́rin, mítà 240 lápapọ̀, máa gba bíi ọjọ́ 16. Gọ́tà òkè, bíi ọjọ́ 8. Ojú omi, bíi 13. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 37, ẹ jẹ́ ká sọ pé 40. Ènìyàn márùn-ún, ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ wá fi owó katapílà wé e.

Ní Machakos ní ilẹ̀ Kenya, òkè ni wọ́n ń ju èèpẹ̀ sí, kòtò sì wà nísàlẹ̀ ebè. Fanya juu ni wọ́n ń pè é ní Kiswahili. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, èèpẹ̀ á kún ẹ̀yìn ebè, ilẹ̀ á máa tẹ́jú fúnra rẹ̀ di pẹpẹ. Ó dáa níbi tí òjò kò pọ̀. Fún yanrìn yìí, tí omi gbọ́dọ̀ jáde kíákíá, poro lápá òkè ni mo fara mọ́.

#11 Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ kòtò tán, ẹ ò sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ẹ gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu tèmi.

Ẹ̀gẹ́ ń lò tó oṣù mẹ́ta kí ewé rẹ̀ tó bo ilẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ilẹ̀ wà níhòòhò lójú òjò. Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀, ó máa nà bo ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ ó sì kó o kí ẹ̀gẹ́ tó ga bò ó. Pòròpórò àgbàdo, ẹ má sun ún. Ẹ tò ó dábùú àárín ebè, kí ó kan ilẹ̀ dáadáa; èyí tó bá gbé sókè kò dá yanrìn kankan dúró.

Ẹ má gbin ẹ̀gẹ́ sórí ebè ìdábùú fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fà á tu, ebè ti là, èèpẹ̀ rẹ̀ ti tú. Ọ̀pẹ̀yìnbó dáa níbẹ̀, ìlà méjì, 30 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, ó ń so èso, màlúù kì í sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Koríko ọba náà dáa, a ń tà á fún tíì. Èèsún ń gba ilẹ̀ jù, gbòǹgbò rẹ̀ á máa bá ẹ̀gẹ́ jà.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Gbogbo oko ló ní ọ̀nà tí a ń gbé apẹ̀rẹ̀ gbà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ tààrà. Ọ̀nà yẹn ni ìyá àgbàrá. Ẹ jẹ́ kó máa yà kọ́rọ́kọ́rọ́, kó gba ẹ̀gbẹ́ ebè dé etí oko kó tó sọ̀ kalẹ̀. Níbi tó bá ti rékọjá ebè, ẹ tẹ́ òkúta tàbí igi sí i, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ ebè pẹlẹbẹ.

#12 Alàgbà Ìṣarà

Ìyá, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹni tó bá rí koríko vetiver, òun ló lágbára jù lórí ebè, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, kì í tàn kiri. Ẹ gé ewé rẹ̀ ku 20 sẹ̀ǹtímítà, gbòǹgbò ku bíi 10. Ẹ gbin mẹ́ta mẹ́ta sí ihò kan, 15 sẹ̀ǹtímítà síra wọn. Mítà 60 kan máa gba ihò 400, ebè mẹ́rin yín á gba 1,600. Òjò ni kí ẹ fi gbìn ín, oṣù karùn-ún tàbí kẹfà. Èyí tó bá kú, ẹ fi òmíràn dí i lọ́sẹ̀ kẹta, nítorí àyè kan ṣoṣo nínú ìlà náà ni gbogbo omi máa wá gbà.

#13 Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Níhà Àgọ́-Ìwòyè, Orù àti Ìjẹ̀bú-Igbó, òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀, ó sì yọrí síta níbòmíràn. Ìdá 20 wọ́pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Níbẹ̀, pẹpẹ ṣeé gé bí ilẹ̀ bá jìn. Ìṣirò rẹ̀ ni yìí: bí a bá fẹ́ kí pẹpẹ fẹ̀ ní mítà 3, tí ògiri rẹ̀ sì fara tì sẹ́yìn ní 75 sẹ̀ǹtímítà fún mítà kọ̀ọ̀kan tó ga, a ó sọ 20 di ìlọ́po 3, kó di 60. A ó yọ 15 kúrò nínú 100, kó ku 85. 60 pín sí 85 jẹ́ nǹkan bíi 0.7. Ògiri kọ̀ọ̀kan á ga ní 70 sẹ̀ǹtímítà. Ibi tí a gé jìn jù, lẹ́yìn pẹpẹ, á tó 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbẹ́ ihò tí ẹ sì kan àpáta ní 50, ẹ fi pẹpẹ sílẹ̀. Ohun tó máa ṣẹ́kù fún gbòǹgbò kò tó nǹkan.

Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gé e bọ̀ wá sókè. Ẹ gé pẹpẹ ìsàlẹ̀ tán, ẹ wá họ ilẹ̀dú orí ibi tí pẹpẹ tó kàn máa wà, ẹ dà á sórí èyí tí ẹ ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa ṣe lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè kò ní ibi tó máa kó ilẹ̀dú sí, ó máa bò ó mọ́lẹ̀ ni. Kí pẹpẹ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, 15 sẹ̀ǹtímítà lórí mítà 3, kí omi máa lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, kó má gba orí ògiri iwájú já. Kí gígùn rẹ̀ má ju mítà 100 lọ kó tó tú omi jáde. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, tọ́ọ̀nù 2 sí 4 fún éékà kan, ni a ń fi tọ́jú ibi tí amọ̀ bá ti yọ. Bí ẹ bá gbìn ní ọdún àkọ́kọ́ láìṣe èyí, ẹ má retí nǹkan.

Níbi tí ilẹ̀ kò jìn, òkúta ni kí ẹ tò. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà lórí ìlà, ẹ fi ńláńlá sísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ sẹ́yìn lápá òkè, kó ga ní 30. Omi á jò gba inú rẹ̀, yanrìn á dúró lẹ́yìn rẹ̀. Sukur lórí òkè Mandara ní ìpínlẹ̀ Adamawa, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 1999, òkúta báyìí ni ògiri ìpele wọn, kò sí sìmẹ́ńtì kankan nínú rẹ̀.

Ti Philippines tí oní-katapílà ń sọ, ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn sí i. Wọ́n fẹ́ kí omi dúró síbẹ̀ ni. Ẹ wá fi ẹ̀gẹ́ sínú omi tó dúró, ẹ ó rí bí ó ṣe máa rà.

#14 Kátakátá Ṣágámù

Ẹrẹdò, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹn ńkọ́? Ògiri rẹ̀ dúró gangan, kò fara ti ibì kankan, ó sì ti lé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

#15 Sọ́fíyọ̀ Odógbólú

Ẹrẹdò Sùngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká bíi kìlómítà 160, inú yangí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Yangí ń le sí i nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Igbó sì bo orí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń roko sí etí rẹ̀. Yanrìn Ìpẹru kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

#16 Olóko Ìpẹru

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ku ọ̀nà méjì tí àgbàrá ti là. Ṣé ká kàn dí wọn?

#17 Alàgbà Ìṣarà

Bí ẹ bá kó èèpẹ̀ dí i, òjò àkọ́kọ́ á tú u. Ẹ kọ́kọ́ gé omi òkè kúrò, ìyẹn gọ́tà tí mo sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpò ajílẹ̀ tí ẹ rọ yanrìn sí dábùú rẹ̀. Kó má ga ju 40 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé tó 40 sẹ̀ǹtímítà kí àpò lè wọ inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Àárín ni kó lọ sílẹ̀ jù, 15 sẹ̀ǹtímítà ju etí lọ. Ẹ tẹ́ òkúta tàbí àpò mìíràn sísàlẹ̀ ibi tí omi ń já sí. Láti ọ̀kan dé èkejì: kí orí ti ìsàlẹ̀ bá ìdí ti òkè dọ́gba. 40 sẹ̀ǹtímítà lórí ìdá 6, mítà 6 ààbọ̀ ó lé díẹ̀ nìyẹn.

Oòrùn ń jẹ àpò ọ̀rá, kò ní ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Nítorí náà, ẹ gún igi agúnmániyè tútù sẹ́yìn rẹ̀, bíi 30 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, nígbà òjò. Nígbà tí àpò bá fi máa ya, igi ti di ọgbà.

#18 Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́

Ṣé ilẹ̀ náà jẹ́ tiyín, àbí ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹ ń san? Agúnmániyè jẹ́ igi, ìgbà tí igi bá sì ti wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa yí padà. Ẹ sọ fún olórí ẹbí lójú ẹlẹ́rìí kí ẹ tó gún un. Ẹ sọ ti ojú omi náà.

#19 Olóko Ìpẹru

Ti ẹbí ni, a ó sọ fún wọn. Ìbéèrè ìkẹyìn: òkété pọ̀ níbẹ̀.

#20 Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Òkété ni ọ̀tá ebè jù lọ, ó tún ju màlúù lọ. Ihò rẹ̀ máa ń gba inú ebè kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi á wọ ibẹ̀, á máa fẹ̀ ẹ́ láti inú, ojú ebè á sì dúró bó ṣe wà títí yóò fi wó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn ìhà ìsàlẹ̀ ebè, kì í ṣe ìhà òkè. Ibi tí ẹ bá ti rí yanrìn tútù tó rí bí ẹnu ṣíbí, ihò wà níbẹ̀. Ẹ má fi èèpẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ la ebè níbẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ihò, kí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ là rí bí àtẹ̀gùn, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ máa dá èèpẹ̀ padà ní 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ máa gún un. Bó bá jẹ́ ikán ló wà níbẹ̀, ẹ wá ayaba rẹ̀ kí ẹ tó dí i.

#21 Olóko Ìpẹru

Ojú omi ni a ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Koríko kápẹ́ẹ̀tì yẹn, ibo ni a ti lè rí èyí tó máa tó mítà 100 ní ìlọ́po 2?

#22 Alàgbà Ìṣarà

Ẹ kò nílò gbogbo rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ kún fọ́fọ́ níbi ẹnu gọ́tà òkè, níbi ẹnu poro mẹ́rin, àti ní mítà 10 ìkẹyìn kó tó dé àbàtà. Ní ìyókù, ìlà kan kí ẹ fo ìlà kan, á tàn pàdé ara rẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé. Ẹ wò ó ní etí títì níbi tí àwọn ewúrẹ́ ti ń jẹ, èyí tí ẹnu ewúrẹ́ bá ti gé dáadáa ni gbòǹgbò rẹ̀ ń nípọn jù.